Ọjọ́ mẹ́ta lórí gíláàsì iwájú Ford Focus mi: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù ríwáyà kan ní Àkúrẹ́

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni mo san fún ọ̀gá ríwáyà kan tó sọ fún mi pé gíláàsì iwájú mọ́tò mi ti kú. Kò sitáàtì mọ́tò náà kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sitáàtì rẹ̀, ó kọ̀. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ìdànrè ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, Àkúrẹ́ ni ilé mi, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo sì máa ń jáde. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn lásìkò òjò mọ ohun tí mò ń wí. Ìkùukùu á sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè àpáta, á bo igbó kòkó mọ́lẹ̀, èémí ẹni nínú ọkọ̀ á sì bo gíláàsì títí tí ẹni ò ní rí ọ̀nà mọ́. AC mi ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Focus yìí, tókúnbọ̀ láti Jámánì ni, wọ́n to àwọn wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sáàárín gíláàsì iwájú rẹ̀ kí iná lè mú un gbóná. Nítorí yìnyín ni wọ́n ṣe ṣe é lọ́hùn-ún. Yìnyín ò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n gíláàsì tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìrì ò lè dúró lára rẹ̀. Mo máa tẹ bọ́tìnnì, iná kékeré á tàn lára bọ́tìnnì náà, kò ní pẹ́ tí ọ̀nà á fi hàn kedere. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lò ó, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ máa dé ẹnu iṣẹ́ láìsí i.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni apá kan dákẹ́. Apá ọ̀tún ń mọ́, apá òsì tó wà níwájú mi gan-an funfun báláú, àfi bí ìgbà tí ènìyàn fi rúlà fa ìlà sí gíláàsì náà láàárín. Lọ́jọ́rú kan, mo ń fi aṣọ ìnujú nù ún, mo ń wakọ̀, ọlọ́kadà kan tó di àpò kòkó sẹ́yìn yọ sí mi ní kọ́nà. Fèrè rẹ̀ ni mo gbọ́ kí n tó rí i. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì lọ́jọ́ náà.

Ẹnìkan ní Ọjà Ọba ló júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí ọmọ tí mo fẹ́ yìn ṣì ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá yìí, kò tíì gba fíríìdọ̀mù.

Wọ́n gbà mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí n má purọ́. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ní kí ọmọ kan ra omi tútù wá. Ọ̀gá náà gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde, ó so ó mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mi orí. Ẹ̀rọ náà ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé kò lè rí i: kọ̀ǹpútà mọ́tò mọ̀ pé òun ti ní kí rílè ṣílẹ̀kùn fún iná, kò mọ̀ bóyá iná náà dé orí gíláàsì. Ọ̀gá yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù fi tàn, kò yí i dé ibi ìsitáàtì, ó wá tẹ bọ́tìnnì gíláàsì. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

“Màdáámù, ẹ wò ó fúnra yín. Méjèèjì ló ti kú. Wáyà inú rẹ̀ ti já, gíláàsì tuntun lẹ máa rà.”

Mo ní, “Ọ̀gá, apá ọ̀tún ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sitáàtì rẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú.”

“Màdáámù, ọdún méjìlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.”

“Mo gbà, ọ̀gá. Ẹ ṣáà sitáàtì rẹ̀ kí a jọ wò ó.”

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó nu ọwọ́. Èkó ni wọ́n ti máa gbé gíláàsì wá, ₦285,000. Ọwọ́ iṣẹ́, ₦40,000. Èmi tó jẹ́ tíṣà ìjọba! Mo san ₦10,000 àyẹ̀wò, inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ kì bọ ihò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ ti wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ olóyìlì yẹn. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ẹ́ńjìnnì.”

Ọjọ́ kejì kò lọ́rọ̀ nínú. Mo jókòó láti aago mẹ́jọ di aago méjì, wọ́n ń ṣe tákísí àwọn ẹlòmíràn, mo sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá ti lọ sí Òǹdó fún ìsìnkú. Ọmọbìnrin náà ò fọwọ́ kan mọ́tò mi títí tó fi pè é lórí fóònù. “Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn o. Ṣé kí n yẹ Focus màdáámù wò?” Èmi náà gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: “Yẹ̀ ẹ́ wò bó o bá fẹ́, gíláàsì náà ni wọ́n máa rà.”

Ó sitáàtì mọ́tò. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ó tan iná iwájú, ó ní kí n máa wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri, ó wá tẹ bọ́tìnnì gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì náà sì yí padà. “Ẹ rí i, mà? Ó ń fa iná.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gíláàsì lápá ọ̀tún, ó fi kan apá òsì, bí ìyá ṣe ń kan iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ọ̀tún ti ń gbóná. Òsì tutù.

Fíúùsì méjì ló wà fún un, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Ó pààrọ̀ ipò wọn, òsì ṣì tutù. Ó ṣe rílè náà bẹ́ẹ̀, òsì ṣì tutù. Ó wá tú apá wáípà méjèèjì, ó ká ike dúdú tó wà lábẹ́ wọn kúrò. Ewé màngòrò ló kún ibẹ̀, ó ti jẹrà, ó ti dí ihò tí omi ń gbà jáde, omi sì dúró níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bù ú sínú àwo. Abẹ́ igi màngòrò ni mo máa ń gbé mọ́tò sí nílé ẹ̀kọ́.

Tẹ́sítà rẹ̀ kì í ṣe nǹkan ńlá: gílóòbù kékeré kan tí wọ́n jó wáyà méjì mọ́. Ó fi wáyà kan há orí bátìrì lápá negétíìfù, ó fi ìkejì kan ibi tí iná ń gbà wọ gíláàsì lápá òsì. Gílóòbù tàn yòò. “Iná ń débí, mà. Rílè ò ṣẹ̀, fíúùsì ò ṣẹ̀.” Ó yọ ti orí bátìrì, ó gbé e lọ kan ẹ́ẹ̀tì gíláàsì náà fúnra rẹ̀, ìyẹn wáyà tó yẹ kó dá iná padà sára bọ́dì. Gílóòbù kú. Ó wo ojú mi, kò sọ̀rọ̀. Tíṣà ni mí, mo mọ ojú ọmọ tó ti rí ìdáhùn.

Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó rọra fa wáyà ẹ́ẹ̀tì náà, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ wá. Nọ́ọ̀tì tó dì í mọ́ bọ́dì ti dógùn-ún, orí wáyà náà ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Iná ń wọ inú gíláàsì, kò rọ́nà jáde. Ó gé ibi tó ti jẹ, ó fi orí tuntun sí i, ó fi sáńpépà ha ara bọ́dì títí irin fi ń dán, ó dè é pinpin, ó fi gíríìsì bò ó. Ó kó ewé náà kúrò, ó da omi sí i láti rí i pé ó ń ṣàn lọ.

Mo rò pé a ti parí. Ó ní rárá. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ oníṣáì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ó yá kẹ́tù omi gbígbóná, ó gbé e sí abẹ́ àga, ó ní kí n wọlé kí n ti fèrèsé. Kíá, gíláàsì ti funfun látòkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà.” Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ló kọ́kọ́ yọ, bí ìgbà tí wọ́n fi ìyarun ya ìrì náà, àwọn ìlà náà ń fẹ̀, wọ́n ń para pọ̀, òsì àti ọ̀tún jọ ń mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń rí ojú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ láti ìta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ olóyìlì bo ẹnu. Mo pariwo “Olúwa, o ṣeun!” débi pé oníṣáì wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

₦6,000 ló gbà.

Mo pe ọ̀gá pé kó dá ₦10,000 mi padà. Ó ní àyẹ̀wò lòun gbowó rẹ̀, òun sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ṣì ń dùn mí, mi ò sì ní fi bò. Nínú ìkọ́ méje tó di ike abẹ́ wáípà mú, márùn-ún ni wọ́n dá padà, wáípà òsì sì ń gbá etí gíláàsì, kọ́, kọ́, kọ́, títí mo fi dé Alágbàká. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin náà tún wáípà ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá ìkọ́ méjì mìíràn sí i, kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Ó ní, “Màdáámù, ẹ kú sùúrù.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti lọ Ìdànrè nígbà mẹ́rìnlá láti ìgbà náà, òjò tàbí ìkùukùu, gíláàsì náà ò já mi kulẹ̀ rí. Máàkì tí mo fún wọn: 9 nínú 10. Ní Sátidé, mọ́tò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ni mò ń mú lọ fún wọn, torí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ò mọ́.