Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta "ọkọ̀ ogun tó rì" létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)

Ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba àlejò láti Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lásìkò ọdún, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó mú wọn lọ sétí omi. Owó tèmi ti lọ ní tirẹ̀. Tiyín ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló wá kí wa láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Láàárọ̀, mo mú wọn wọ Hómẹ̀, ààfin àtijọ́ àwọn ọba Àjàṣẹ́, a yà wo mọ́ṣáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn àgùdà, gbogbo rẹ̀ dùn. Lọ́sàn-án, màmá ní òun ò ní padà sílé láìgun ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ àgbà, ta ni yóò jiyàn?

A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zẹ́mìjáàn tán tí ọkùnrin kan fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó fi káàdì kọ́ ọrùn, fọ́tò wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Ó ní iṣẹ́ ìjọba lòun ń ṣe, òun ló ń mú àlejò rìn. Ó ní òun yóò kó wa dé Aguégués, níbi tí ilé wà lórí omi, lẹ́yìn náà òun yóò fi ọkọ̀ ogun Faransé tí Gbẹ̀hánzìn, ọba Dàhómì, rì hàn wá. Ó ní kò sí ìwé ìròyìn tó mọ ibẹ̀. Èló? "15,000 sẹ́fà péré, ẹ̀gbọ́n mi." Mo san án lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ogun ti rìn lórí omi wa yìí lóòótọ́. Ní oṣù kẹrin 1861, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó wá, wọ́n yìnbọn àgbá lu Àjàṣẹ́, èyí sì wà lára ohun tó mú kí ọba Sójì sá tọ Faransé lọ fún ààbò ní 1863. Nígbà tó di oṣù kẹta 1892, láyé ọba Tọ́fà, Victor Ballot, aṣojú ìjọba Faransé, wọ ọkọ̀ ogun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Topaze gòkè odò Wémè. Àwọn ọmọ ogun Gbẹ̀hánzìn yìnbọn sí i láti etí odò, àwọn kan sì fara gbọgbẹ́ nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tí Faransé dì mú tí wọ́n fi rán ọ̀gágun wọn, Dodds, wá bá Gbẹ̀hánzìn jagun lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n Topaze kò rì o! Ó yí padà sí Àjàṣẹ́ níbí. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ rírì rẹ̀ hàn yín, ẹ bi í pé ta ló rì í.

Ó dàárín omi, ọkọ̀ dẹ̀ rọra dúró. Atukọ̀ ń sọ èdè Gùn sí ọkùnrin náà, òun náà ń mi orí bí ẹni tí àánú wa ń ṣe. Ó ní 15,000 tí òun wí, ẹnì kan ló wà fún. A jẹ́ mẹ́rin. Owó pẹtiróòlù kò sì sí nínú rẹ̀. Mo ní kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé fún gbogbo wa. Òótọ́ ni, kò sọ ọ́, èmi náà kò bèèrè. Ẹ wò ó, níbo lẹ fẹ́ bá èèyàn jà tí omi yí yín ká, tí oòrùn ń wọ̀, tí ìyá yín àgbà jókòó sínú ọkọ̀, tí jilé tó kì í jẹ́ kéèyàn rì sì jẹ́ méjì péré fún èèyàn mẹ́rin? Mo tún yọ 25,000 fún un. Gbogbo rẹ̀ di 40,000.

A dé ibi tí "ọkọ̀ ogun" wà. Irin kan tó ti dípẹtà ló yọ orí láàárín koríko orí omi. Ọmọ màmá kékeré, tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, tẹjú mọ́ ọn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n jó irin yìí pọ̀ ni." Ó tọ̀nà. Ọkọ̀ onírin ayé 1892, ìṣó olórí rìbìtì ni wọ́n fi ń kàn án mọ́ra. Iná wẹ́dà kò tíì dé ìdí ọkọ̀ nígbà yẹn. Àjókù ọkọ̀ akérù lásán ni.

Màmá kò tíì gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ tí ọkùnrin náà fi yọ òkúta dúdú rìbìtì kan láti abẹ́ aṣọ. Ọta àgbá Faransé ni, ó ní ó wà lára ẹrù tí Dodds kó lọ tí Faransé dá padà. Ó kọ́kọ́ pè é ní 30,000, màmá nájà á dé 12,000, inú rẹ̀ ń dùn. Ohun tí Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá 2021 jẹ́ 26, ère, ìtẹ́ ọba àti ilẹ̀kùn ààfin Abómè wà nínú rẹ̀. Kò sí ọta kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ń tà á létí omi. Nígbà tí a dé ilé, mo fi ìṣó họ ọ́. Ìyẹ̀fun eérú ló ń jáde. Sìmẹ́ńtì ni, òróró ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi kùn ún.

Mo wá bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ etí omi. Wọ́n ní àwọn kan tún ń gba owó Ganvié, ìlú orí omi tó lókìkí, lọ́wọ́ àlejò, Aguégués ni wọ́n sì ń gbé wọn lọ. Ganvié wà lórí ọ̀sà Nokwé, ọ̀nà Abọ́mè-Kàláfí ni wọ́n ti ń wọkọ̀ rẹ̀. Aguégués dára fúnra rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fi orúkọ ibòmíràn tà á.

Ẹ má sanwó fún ẹni tó dúró láàárín. Ẹ bá atukọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ mú ẹni tó gbọ́ Gùn dání. Ẹ sọ iye rẹ̀ jáde: fún gbogbo wa, lílọ àti bíbọ̀, pẹ̀lú epo. Ẹ san ìdajì, kí ìdajì kù di ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá kan ilẹ̀. Kí ẹ ka jilé kí ẹ tó wọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi MoMo, owó orí fóònù, ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà máa jáde kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín; bí kì í bá ṣe orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín, ẹ jáwọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ìtàn, àwọn tó ń mú ni rìn nínú ààfin Hómẹ̀ wà níbẹ̀.

Mi ò tíì lè sọ fún màmá. Ó gbé ọta náà lọ sí Abẹ́òkúta, ó fi gbé ilẹ̀kùn pálọ̀ dúró, ó sì ń sọ fún àlejò pé ogun Gbẹ̀hánzìn ló ti wá. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo kọjá létí ọ̀sà. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́rùn. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mú àlejò wá mọ́?"