Iléeṣẹ́ aláró kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Òfin ọdún 2019 lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà fàyè gba kí ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi máa sin ìlú láti ilé rẹ̀ dípò ẹ̀wọ̀n. Àǹfààní yìí ni àbúrò mi obìnrin jẹ, tí mo fi mú un lọ kọ́ṣẹ́ àdìrẹ níbí. Ìyá aláró kò bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, bí kò ṣe iye tó fẹ́ máa rí lóṣù àti ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú ọmọ. Oníko, èyí tí wọ́n ń so aṣọ rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára, ọjọ́ tí aṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde nínú aró ni mo tún rí i kó sùn dáadáa. Iléeṣẹ́ náà kì í tètè ṣí, èyí tó ń dí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá gbọ́dọ̀ fojú han òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tiyín lọ.