Big Daddy, End of Discussion àbí RAV4: Èwo lẹ lè rà bí gíà rẹ̀ bá ń jẹ́ẹ̀kì?

Àbúrò ìyàwó mi ń wá mọ́tò tí yóò máa gbé e láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ síbi iṣẹ́ ní Ṣàgámù. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti mọ́tò àtijọ́ lọ. Mẹ́ta ló kù tí apá rẹ̀ ká: Toyota Camry 2002 sí 2006 tí a ń pè ní Big Daddy, Honda Accord 2003 sí 2007 tí a ń pè ní End of Discussion, àti Toyota RAV4 2001 sí 2003. Gíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé ó ń gbáni bó bá ń yí láti ìpele kan sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà ní pọ̀ọ́kú. Èmi ni mo bá a yẹ̀ wọ́n wò, ohun tí mo rí ni mo sì kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé gíà tó ń jẹ́ẹ̀kì dà bí ara gbígbóná. Ibà lè fà á, egbò lè fà á. Ọ́ìlì tó ti gbó lè mú kí gíà máa gbáni, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìn àti gíà, lè fà á, ẹ́ńjìn síìtì (rọ́bà tí ẹ́ńjìn jókòó lé) tó ti já lè fà á, plug tí kò ta iná dáadáa náà lè jọ ọ́. Èyí tó burú jù ni kí àwọn páálí (clutch) inú gíà ti jóná. Ẹni tó ń ta mọ́tò lè yọ iye kan náà kúrò lórí owó nítorí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe wọn jìnnà síra bí ilẹ̀ sí ọ̀run.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta mọ́tò gbé yín lọ sí ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ láti dán mọ́tò wò. Lórí ẹsipírẹ́ẹ̀sì, gíà á gòkè dé ìpele tó kẹ́yìn, á jókòó síbẹ̀, ohun gbogbo á máa dùn. Àárín ìlú ni kí ẹ gbé e gbà, níbi tí ẹ ó ti máa dúró tí ẹ ó sì máa lọ. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣí ẹnu bá a dúnàádúrà. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti wà á kí ẹ tó dé nìyẹn. Gíà kan wà tó jẹ́ pé òtútù òwúrọ̀ nìkan ló ń bí i nínú, òmíràn á dákẹ́ títí dìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná.

Ẹ wá fa géèjì ọ́ìlì gíà yọ. Ibí yìí ni Toyota àti Honda ti yàtọ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló sì ń ṣe é bákan náà. Ti Camry, ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ ti gbóná kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹ ó gbé ọwọ́ gíà yí gbogbo ìpele ká, ẹ ó dá a padà sí P, kí ẹ tó wò ó. Ti Accord, ẹ́ńjìn á gbóná, ẹ ó pa á, ẹ ó sì wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹni tó bá wo ọ̀kan bí èkejì á rò pé ọ́ìlì kò tó tàbí pé ó pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ kún, ìyẹn gan-an sì lè dá jẹ́ẹ̀kì sílẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí tíṣù funfun. Bó bá pupa fòò, ó dáa. Bó bá pupa rúsúrúsú, ó ti gbó. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí gàárì tó jóná nínú agbada, ẹ kí ẹni tó ni ín kí ẹ máa lọ.

RAV4 ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn tó jáde ní 2001 sí 2003 ní àbùkù tí Toyota fúnra rẹ̀ mọ̀ sí: brain box ni àìsàn wọn, kì í ṣe gíà. Àwọn ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó nínú brain box náà máa ń sán, àṣẹ tí kò tọ́ á wá máa lọ sọ́dọ̀ gíà, gíà á máa gbáni. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ti pààrọ̀ gíà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún ń jẹ́ẹ̀kì, brain box ni kí ẹ fura sí. Ẹ pe rewáyà tó ní ẹ̀rọ ìskáànì kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ ó bá ra tòkunbọ̀ brain box, nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti wà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, gíà gidi náà á ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti Accord, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá oní-plug mẹ́rin ni tàbí V6 (oní-plug mẹ́fà). Ní 2004, Honda pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà torí ìpele kejì inú gíà tó ń gbóná jù, V6 ọdún 2003 àti 2004 sì wà nínú wọn. V6 tó bá ń jẹ́ẹ̀kì, èmi kì í fọwọ́ kàn án. Oní-plug mẹ́rin sàn díẹ̀. Àwọn pressure switch rẹ̀ (swíìṣì tó ń mọ agbára tí ọ́ìlì fi ń tì nínú gíà) wà ní ìta gíà, wọ́n lè tú wọn láìsọ gíà kalẹ̀, owó wọn kò sì pọ̀. Ọ́ìlì Honda gan-an ló máa ń gbà, Z1 láyé ọjọ́un, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀.

Accord kan ti kó ìdílé wa sí wàhálà rí. Nígbàkigbà tí a bá fi sí D, á gbá wa lẹ́yìn gbì. Mẹkáníìkì kan ní gíà ti lọ, ó gba owó tòkunbọ̀ gíà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbé e sí i, ó tún ń gbá wa gbì. Ẹlòmíràn ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tẹ bíréèkì, kí n máa gbé e láti P sí D, láti D sí R. Mo rí i tí ẹ́ńjìn ń fò sókè bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ńjìn síìtì méjì ló ti já. Ìṣẹ́jú méjì ni ìdánwò yẹn gbà. Ẹ ṣe é lára mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Camry ló rọ̀ mí lọ́kàn jù. Oní-plug mẹ́rin tó jáde ní 2002 sí 2004 ní ìpele mẹ́rin péré, ó sì máa ń fara da ọwọ́ líle. 2005 àti 2006 ní márùn-ún. Ọ́ìlì T-IV ni ti àkọ́kọ́ yẹn ń gbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ìlì aláìlórúkọ tó kàn pupa sí i.

Àwọn kan ní bí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì gíà tó ti gbó, gíà á kú. Ojú tèmi ni pé gíà tó kú lẹ́yìn ọ́ìlì tuntun ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fọ gbogbo inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tú u láti ìsàlẹ̀, apá kan ló máa jáde, ẹ rọ ọ́ìlì tuntun tó tó iye tó jáde sí i, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ tún tú u.

Camry 2003 ni àbúrò ìyàwó mi rà níkẹyìn. Rúsúrúsú ni ọ́ìlì rẹ̀ rí, kò rùn. A ti tú u lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ó ṣì máa ń gbá díẹ̀ láti ìpele kìíní sí ìkejì ní òwúrọ̀, títí tí yóò fi jáde kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà á dákẹ́ títí dé Ṣàgámù.