Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú páálí káàdì ohun ẹlẹ́mìí: ohun tí mo rí

Oṣù mẹ́ta rèé tí èmi àti àwọn ọmọ mi méjì ti ń fi páálí káàdì yìí ṣeré lálaalẹ́. Káàdì 120 ló wà nínú rẹ̀, àwòrán níwájú, àlàyé lẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè lè lò ó. Òótọ́ ni, àmọ́ kí àgbà jókòó tì wọ́n.

Apá àbùdá ni mo fẹ́ràn jù. Káàdì méje ni: ohun ẹlẹ́mìí ń mí, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń bí irú tirẹ̀, ó ń gbéra, ó ń mọ nǹkan lára, ó sì ń yọ ẹ̀gbin kúrò lára. Ẹ ó fa àwòrán kan yọ, ẹ ó fi méjèèje wọ̀n ọ́n wò. Lálẹ́ ọjọ́ tí a fa iná yọ, ariwo sọ. Àbíkẹ́yìn mi ní iná ń jẹ igi, ó ń dàgbà, kò lè ṣe láìsí afẹ́fẹ́, ó ń bímọ, eérú sì ni ìgbẹ́ rẹ̀. Èmi gan-an dákẹ́. Ẹ̀yìn káàdì ló gbà wá: iná kò ní sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ohun ẹlẹ́mìí, kò sì ní DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá, tí ọmọ rẹ̀ lè jogún.

Káàdì mímí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Imú àti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n yà sí i, làwọn ọmọ bá ń bi mí pé ibo ni igi ń gbà mí. Mímí tí à ń sọ níbí ju fífa afẹ́fẹ́ símú lọ: bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tú oúnjẹ palẹ̀ kí agbára inú rẹ̀ lè jáde ni, igi sì ń ṣe é tọ̀sán tòru. Ìlà kan péré ì bá ti tó.

Ní ti ìpínsísọ̀rí, àwa tí wọ́n fi "àjàò ò ṣeku, kò ṣẹyẹ" tọ́ dàgbà yóò gbádùn káàdì àdán. Ó nírun, ó ń fọ́mọ lọ́mú, awọ tó nà láàrin ìka ló fi ń fò: ẹran afọ́mọlọ́mú ni. Àbùùbùtán náà wà níbẹ̀. Carl Linnaeus fúnra rẹ̀, onímọ̀ ará Sweden tó to àwọn ohun ẹlẹ́mìí sí ìsọ̀rí, kà á mọ́ ẹja lọ́dún 1735, kó tó gbé e sáàárín àwọn afọ́mọlọ́mú lọ́dún 1758.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ olú fi dùn mí. Wọ́n ṣì tò ó mọ́ ewéko! Olú kì í fi oòrùn se oúnjẹ rẹ̀ bí ewé ṣe ń ṣe, kítíìnì tó wà nínú èèpo ara kòkòrò ló sì wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Láti 1969 ni Robert Whittaker, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ti fún olú àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìjọba tiwọn, ìyẹn ìsọ̀rí ńlá tó yàtọ̀ sí ti ewéko àti ti ẹranko. Mo lẹ bébà mọ́ káàdì náà, mo sì tún un kọ. Mo kọ̀wé sáwọn tó ṣe é pẹ̀lú, wọn ò tíì fèsì.

Etí káàdì ti ń bó díẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Káàdì fáírọ́ọ̀sì nìkan la ò tíì rí ibi fi sí. Kò ní sẹ́ẹ̀lì, inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló ti ń bímọ, síbẹ̀ ó ní ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jogún. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ sáàárín iná àti bakitéríà lórí tábìlì, ibẹ̀ ló ṣì wà.