Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ọgbà ilé: kí ọmọdé má bàa rì sínú rẹ̀, ṣé ká fi irin yí i ká ni, àbí ká fi ìdérí ọ̀rá bò ó?

Owó ìdérí kò tó owó iṣẹ́ jórinjórin. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá wẹ̀ tán lẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ padà, ta ni kì í rẹ̀? Bí òjò Èkó bá sì rọ̀, omi á dá sórí rẹ̀. Íńṣì 2 péré tó gbẹ̀mí ọmọ ìrákòrò.

Irin wọ́n, atẹ́gùn òkun sì ń jẹ́ kó dípẹtà. Àmọ́ tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, tí géètì ń pa ara rẹ̀ dé, ó ń ṣiṣẹ́ bí a tilẹ̀ gbàgbé. Ẹ ṣáà má gbé àga sítòsí. Àwọn ọmọ á gùn ún kọjá.

Ilé ọlọ́mọ kékeré, irin ni. Ayálégbé tí kò láṣẹ àtigbẹ́lẹ̀ fún irin, tí ọmọdé kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lè lo ìdérí, kó máa gbọ́n omi òjò kúrò.