Jìtá béèsì tí ẹ fẹ́ rà: igi wo ni kí ara rẹ̀ jẹ́?

Orúkọ igi ni àwọn olùtajà máa ń kọ́kọ́ kà fún ẹni tó bá fẹ́ ra jìtá béèsì: ash nìyí, alder nìyí, mahógánì gidi nìyí. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé kílò mélòó ni? Ìsìn ọjọ́ Àìkú tàbí òde àríyá lè gba wákàtí mẹ́rin, èjìká kan ṣoṣo ló sì máa gbé igi yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Béèsì tí kò ju kílò mẹ́rin lọ rọrùn láti gbé. Èyí tó bá ti kọjá kílò mẹ́rin àbọ̀, ẹ̀yìn yóò ti máa ro yín kí orin ìyìn tó parí.

Ní ti ìró, pickup inú béèsì kò ju mágnẹ́ẹ̀tì àti wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn lọ, okùn irin tó ń gbọ̀n lórí rẹ̀ ló sì ń gbọ́. Igi lè jẹ́ kí okùn pẹ́ kó tó dákẹ́, ó sì lè tètè gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ọrùn jìtá náà ń kópa nínú iṣẹ́ yìí dáadáa. Okùn tuntun, ibi tí ìka yín ti ń ta á, àti áńpù tí ẹ so béèsì mọ́, gbogbo wọn ló máa yí ìró padà ju igi ara lọ. Ní nǹkan bí 1980, ilé-iṣẹ́ Steinberger gbé béèsì kan jáde tí kò ní igi lára rárá, fáíbà kábọ́nì ni wọ́n fi ṣe é, àwọn àgbà olórin sì rà á, wọ́n fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má sanwó rẹpẹtẹ torí pé ẹnì kan ní ohùn igi báyìí "gbóná" ju ti òmíràn lọ.

Ash àti alder ni wọ́n máa ń fi wé ara wọn jù. Nígbà tí Leo Fender, tó dá ilé-iṣẹ́ jìtá Fender sílẹ̀, gbé béèsì Precision Bass jáde ní Amẹ́ríkà ní 1951, ash ló fi ṣe ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1956, alder ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń lò fún èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì fi ash sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kùn ní ọ̀dà tí ìlà igi máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ojú alder dí, ọ̀dà sì máa ń jókòó sórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ash ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí kí wọ́n tó kùn ún. Jazz Bass, béèsì Fender mìíràn, èyí ti 1962 tí gbajúmọ̀ oníbéèsì Jaco Pastorius fi lu ayé já, alder ni. Jazz Bass 1977 ti Marcus Miller, tí òun náà jẹ́ gbajúmọ̀ oníbéèsì, ash ni. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ayé gbọ́.

Ibi tí ash ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé orúkọ kan ló ń jẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba. Èyí tó hù ní ilẹ̀ àbàtà ìsàlẹ̀ odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní swamp ash, fúyẹ́. Èyí tó hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ wúwo, ọ̀pọ̀ béèsì ash àwọn ọdún 1970 sì wúwo gan-an. Ní 2002, wọ́n rí kòkòrò kan tó wá láti Éṣíà ní ìpínlẹ̀ Michigan, ó sì ti ń pa igi ash lọ́pọ̀ yanturu láti ìgbà náà. Òun àti omíyalé Mississippi ló mú kí Fender kéde ní 2020 pé àwọn ń yọ ash kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà àwọn. Owó rẹ̀ ti gorí. Tí ìlà igi bá wù yín láti máa wò, tí ọ̀dà rẹ̀ sì ń jẹ́ kó hàn, ẹ san án. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà dúdú bo ash mọ́lẹ̀, alder ni kí ẹ rà.

Mahógánì tí àwọn onígi wa mọ̀ sí ọ̀gànwó wà lára èyí tí ilé-iṣẹ́ jìtá ń lò gẹ́gẹ́ bíi mahógánì Áfíríkà. Ó máa ń wúwo ju alder lọ díẹ̀. Okoume, tó pọ̀ ní Gabon, fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa, ilé-iṣẹ́ jìtá Ibanez sì ń lò ó nínú àwọn béèsì SR kan. Afara ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún, torí orúkọ tó ń jẹ́ lókè òkun ni korina tàbí limba. Ilé-iṣẹ́ Gibson lò ó fún jìtá Flying V ní 1958, látìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn gbówó lórí rẹ̀. Igi tí àwọn káfíńtà ń rà ní ilé ìlàgi ni. Igi tó dára ni lóòótọ́, ó fúyẹ́ níwọ̀nba, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ kan fi ṣe béèsì fún yín níbí, gbígbẹ rẹ̀ ni kí ẹ bá a jà lé lórí: omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọyẹ́ àkọ́kọ́ ló máa là á.

Igi basswood àti poplar ló wà nínú ọ̀pọ̀ béèsì olówó pọ́ọ́kú. Àwọn méjèèjì fúyẹ́, wọ́n sì dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Basswood ló rọ̀ jù, èékánná lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, ihò síkúrù tó di okùn èjìká mú sì tètè máa ń fẹ̀. Tó bá ti fẹ̀, ẹ ki igi ìtayín àti gọ́ọ̀mù igi bọ inú ihò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ tó dá síkúrù padà.

Bubinga, tí Warwick ti Jámánì fi ń ṣe Thumb Bass, fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì alder. Ó rẹwà, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, àmọ́ n kò ní gba ẹni tó ń dúró lu béèsì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ mú síkúrù-dírááfà dání. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lẹ́yìn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà: tí ẹ bá rí ìlà tó tò léra wọn, plywood ni, ohun yòówù kí olùtajà pè é. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun inú rẹ̀, ẹ tú pickup kan, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé béèsì kọ́ èjìká, kí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ òsì. Bí orí rẹ̀ bá já wálẹ̀, ọwọ́ òsì yín ni yóò máa gbé e lọ́jọ́ gbogbo dípò kó máa tẹ okùn. Wọ́n mọ Gibson Thunderbird, tó jáde ní 1963 pẹ̀lú ara mahógánì, mọ́ ìwà yìí dáadáa. Ẹ gorí òṣùwọ̀n ilé pẹ̀lú béèsì, kí ẹ tún gùn ún láìsí i, kí ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn èyí, kó fi ra okùn èjìká tó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́ta.