PlantUML: Irinṣẹ́ fún yíya àwòrán ohun tí oníbàárà ń béèrè lọ́wọ́ sọ́fíwíà

PlantUML, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ti wà láti ọdún 2009, wúlò fún ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà kí iṣẹ́ sọ́fíwíà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni a ń kọ sínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ya àwòrán UML (àwọn àmì àjùmọ̀lò tí a fi ń ṣàfihàn bí sọ́fíwíà ṣe rí àti bí yóò ṣe ṣiṣẹ́). Bí a bá kọ “actor Oníbàárà”, tí a sì fi ọfà so ó mọ́ “(San owó)”, àwòrán ti jáde nìyẹn.

Ohun tó wù mí jù ni pé a lè fi fáìlì náà pamọ́ sínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí fáìlì) pẹ̀lú kóòdù, débi pé nígbà tí oníbàárà bá yí ohùn padà (yóò kúkú yí i), gbogbo ẹgbẹ́ yóò rí ìlà tó yí padà àti ẹni tó yí i.

Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wá láyè láti pinnu ibi tí nǹkan yóò dúró sí, bí àwòrán bá sì ti tóbi, àwọn ọfà rẹ̀ a máa lọ́ mọ́ra. Níwájú oníbàárà tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, draw.io, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ gbé àpótí kiri, ni mo máa ṣí.